Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fúnra Rẹ̀ To Ọkọ̀ Ojú Irin Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ta ọmọ lọ́rẹ nígbà Kérésìmesì tàbí nígbà tí ó bá yege ìdánwò. Ẹ̀bùn rere ni. Irú èyí tí à ń rà ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí. Èyí tí wọ́n ti tò parí, tí ó ń dán, tí owó rẹ̀ sì ga, ni a fẹ́ràn jù. Bí ọmọ bá ti wò ó bí ó ti ń yí po fún ọjọ́ mẹ́ta, ó di ohun ọ̀ṣọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí, a ó sì máa kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní tèmi, owó náà ṣòfò. Èyí tí ó wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí ọmọ yóò tò fúnra rẹ̀, ni ó yẹ ẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ńjìnnì há, ó sì tètè ń bàjẹ́. Ẹ ra ẹyọ kan tí wọ́n ti tò. Ọkọ̀ ẹrù tí ẹ̀ńjìnnì yóò máa fà ni kí ọmọ kọ́kọ́ tò: ara rẹ̀ tí a fi ike ṣe, ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti síkírù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ìdíkọ̀ tí a fi páálí ṣe, tí kò ju iṣẹ́ gọ́ọ̀mù àti sísọ́ọ̀sì lọ. Ẹ̀yin bàbá (ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù), ẹ jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ sí i ní wíwọ́, ọkọ̀ yóò yẹ̀ kúrò lórí irin níbi kọ́nà àkọ́kọ́, òun náà yóò sì yí i dojú dé láti wo ohun tó fà á. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 8, onígi tí kò lo iná ni kí ẹ rà fún un.

Ní ti ìwọ̀n, nínú èyí tí wọ́n ń pè ní HO, a pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 87, a sì mú ẹyọ kan. Nínú N, ọ̀nà 160 ni. Ọkọ̀ ẹrù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 yóò di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 ní HO, kò sì ní í pé 8 ní N. Ẹni tí ilé rẹ̀ há lè fẹ́ràn N, ṣùgbọ́n ó ti kéré jù fún ìka ọmọdé, àbúrò rẹ̀ sì lè ki í bọ ẹnu. HO ni mo yàn. Ojú irin rẹ̀ yóò gbà sórí plywood kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, irú èyí tí káfíńtà àdúgbò ń lò.

Ìbú ojú irin HO jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ ní kí ọmọ sọ ọ́ di ìlọ́po 87: yóò rí 1,435.5. Mìlímítà 1,435 ni ìbú ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021! Ti àtijọ́, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, kò ju 1,067 lọ. Ọmọ tí ó ti ṣe ìṣirò yìí kò ní í bi yín ìdí tí ọkọ̀ àtijọ́ kò fi lè gun ojú irin tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rà. OO ni wọ́n ń lò jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà 76 ni wọ́n sì ń pín in sí. Yóò rìn lórí irin HO, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ yóò tóbi ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ìlànà iná ti Märklin ti Jámánì yàtọ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Fóltì 120 ni iná ilé ní Amẹ́ríkà, tiwa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po rẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ iná tí wọ́n ṣe fún 120 nìkan bọ ara ògiri ní Ìbàdàn, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Kí ará Amẹ́ríkà ra ọkọ̀, kí ará London ra ẹ̀rọ iná rẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì tiwọn bá ti wa mu.