Owó Tí Eré Ìje Ń Mú Wọ Ìgbèríko

Triathlon jẹ́ eré ìje onípele mẹ́ta tí olùdíje kan ṣoṣo ń ṣe láìsinmi: yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fi eré ẹsẹ̀ parí rẹ̀. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, tí ó gba eré náà wọlé ní Sydney lọ́dún 2000, kìlómítà 1.5 ni wọ́n ń wẹ̀, 40 ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, 10 ni wọ́n ń sá. Nítorí pé ó nílò omi tó mọ́ àti títì gígùn tí a lè ti pa, nígbà mìíràn wọ́n máa ń gbé ọ̀wọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ lọ sí ìgbèríko olókè àti olódò lókè òkun, kí àwọn ìlú kéékèèké lè rí ọjà tà fún àlejò.

Lára ohun tí ó súnmọ́ ọn ní Nàìjíríà ni eré ẹsẹ̀ ní ìgbèríko olókè. Ti Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, nígbà tí Donald Duke jẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n owó ìjọba ni ó gbé e ró, nítorí náà nígbà tí ìjọba mìíràn kò kà á sí mọ́, ó dáwọ́ dúró fún ọdún mélòó kan. Ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo, eré kìlómítà 10 tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, rọ̀ mọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ aládàáni, ó pẹ́, àjọ eré ìdárayá àgbáyé, World Athletics, sì fún un ní òǹtẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Kenya àti Ethiopia ni ó sábà ń gba ẹ̀bùn ńlá irú àwọn eré wọ̀nyí lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí Abraham Kiptum ti Kenya ṣe gba dọ́là 50,000 nínú eré ìje marathon Èkó ti ọdún 2016. Owó ẹ̀bùn kọ́ ni èrè ìlú, bí kò ṣe èyí tí ń yí ká: àlejò ra àmàlà, alámàlà ra èlùbọ́, elélùbọ́ sanwó ọkọ̀, owó kan náà sì ti kan ọwọ́ mẹ́ta kí ó tó jáde nílùú.

Àdúgbò Ìkòtún ní Èkó náà mọ irú ọrọ̀ ajé bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àlejò láti òkè òkun ń rọ́ wá sí ìjọ Synagogue, tí ilé ìtura, olóúnjẹ àti àwọn tí ń ṣẹ́ owó òkèèrè sì gbilẹ̀ yí i ká. Lẹ́yìn tí T. B. Joshua, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, kú ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn oníṣòwò àdúgbò náà ráhùn pé ọjà kú. Ó dunni gidigidi, nítorí pé ohun tó jọ ọ́ ni ó bá eré Obudu: wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ẹnì kan tàbí ìjọba kan ṣoṣo, kò sì sí orísun mìíràn nígbà tí ìyẹn lọ.

Ọ̀wọ́ eré triathlon tí ń lọ láti ìlú dé ìlú, bí àpẹẹrẹ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ní oṣù kan àti adágún Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn ní oṣù mìíràn, lè dín ewu yìí kù, nítorí pé kò sí ìlú tàbí gómìnà kan tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ eré wọ́n, pàápàá láti ìgbà tí dọ́là kan, tí kò tó náírà 500 ní iye tí ìjọba ń pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ti kọjá náírà 1,500 lọ́dún 2024, nítorí náà yíyá kẹ̀kẹ́ ni yóò jẹ́ kí ọmọ tálákà kópa. Kí ìjọba tó ti títì pa fún olùṣètò kankan, ó yẹ kí àdéhùn wà lórí ìwé pé àwọn ará ìlú náà ni yóò ta oúnjẹ, tí yóò pèsè ibùsùn, tí yóò sì máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe.