Ajá Tó Ń Wọ́ Ẹsẹ̀
Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí, Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ wa pé Ọlọ́hun foríjin ẹni tó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí ajá tó ń ṣọ́ ilé yín ní Yerwa bá ń wọ́ ẹsẹ̀, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ẹ pe oníṣègùn ẹran. Yunifásítì Maiduguri ní ẹ̀ka tó ń kọ́ wọn. Yóò yí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, bóyá yóò tètè dá a padà. Yóò fún ọmọ ìka rẹ̀, bóyá yóò fà á sẹ́yìn. Bí kò bá lè ṣe é, iṣan tó ń darí ẹsẹ̀ lè ti bàjẹ́. Àrùn dìgbòlugi náà a máa rọ ajá lẹ́sẹ̀: ẹ kó ọmọdé kúrò nítòsí. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Àánú kò ní kí a má ṣọ́ra.