Ìkòkò Inú Ìkòkò

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo rí ìyá aláta kan tó ń da tòmátì ìdajì apẹ̀rẹ̀ sínú gọ́tà. Ó ti rà tán. Mo kí i, kò lè dáhùn dáadáa. Owó ọmọ ló ń dà nù yẹn.

Ìyẹn ló rán mi létí ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba. Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn ohun àfọwọ́ṣe tó ń pani lẹ́rìn-ín: àtùpà tí a fi agolo mílíìkì ṣe, bàtà tí a gé lára táyà ọkọ̀. A kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀nyẹn. Ti Bah Abba, a mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Dutse, Ìpínlẹ̀ Jigawa, ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n sì ti bí i. Lọ́hùn-ún, oòrùn kì í ṣeré, iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ohun tí wọ́n bá ká lóko lónìí, àfi kí ọmọbìnrin gbé e kiri kíákíá kó tó bàjẹ́, ìwé rẹ̀ a sì dúró.

Ní 1995 ni ọ̀gbẹ́ni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó da yanrìn sí àárín méjèèjì, ó fi omi rin ín, ó kó èso sínú ti kékeré, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ó parí! Kò sí wáyà, kò sí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá bá a ní ìyẹ̀wù ẹnìkan, ẹ ó rò pé ó ń bọ nǹkan ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wí i fún ìyá aláta. Ìkòkò amọ̀ a máa làágùn. Omi inú yanrìn ń gba ara ìkòkò ńlá yọ, atẹ́gùn gbígbẹ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ni ó ń mú ooru dání lọ. Ìdí nìyí tí òtútù fi ń mú wa bí a bá wẹ̀ tán tí a dúró síta. Àmù ìyá ìyá wa, iṣẹ́ yìí kan náà ló ń ṣe. Àwa ni a kò rò ó dé orí tòmátì.

Ìkàn tí kì í ju ọjọ́ 3 lọ lo ọjọ́ 27 nínú ìkòkò náà. Tòmátì àti ata lo ọ̀sẹ̀ 3. Ní 1997 ó gba àwọn amọ̀kòkò tí kò níṣẹ́, wọ́n mọ 5,000, ó sì pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará abúlé. Ní 2000 àwọn Rolex aláago fún un ní ẹ̀bùn. Ó kú ní 2010.

Èmi náà kò lè jókòó, mo ra ìkòkò méjì. Nígbà ọyẹ́, tòmátì mi lo ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì ń fi yangàn káàkiri àdúgbò. Nígbà tí òjò dé, ọjọ́ kẹrin ló hu funfun. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ìkòkò ńlá. Ẹ̀bi mi ni: afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi kò lè gba omi mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má fi yanrìn ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, ẹ dán an wò bí ọyẹ́ bá dé. Ẹ má kùn ún lọ́dà o, kò ní lè làágùn. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì máa bu omi sí yanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo ti ṣèlérí ìkòkò méjì fún ìyá aláta yẹn. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá ra tòmátì ná.