Ẹ Ní Kí Wọ́n Ṣí Àpótí Náà Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, sì fò sókè dé ₦225 fún kìlówáàtì-wákàtí kan lóṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo ti kẹ̀yìn sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n kọjú sí sólà. Ìpinnu tó dára ni. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rà fún sólà ilé, bátìrì ló sábà máa ń gbé owó jù, òun náà sì ni ojú oníbàárà kì í tó inú rẹ̀. Páànẹ́lì wà lórí òrùlé, gbogbo ayé ń rí i. Ínfátà ń fi nọ́ńbà hàn lójú ara rẹ̀. Bátìrì lithium ní tirẹ̀ jẹ́ àpótí tí wọ́n dè pa, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára pé 5 kWh tàbí 10 kWh ni. Bébà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó fún, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra bátìrì lithium ń ra sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ra BMS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Bí olùtajà kò bá lè sọ irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àpótí àti agbára BMS tó ń ṣọ́ wọn, kò tíì sí ọjà kankan tí òun àti oníbàárà lè jọ ná.

Sẹ́ẹ̀lì ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oríṣiríṣi ni bátìrì lithium. NMC, tí wọ́n fi nikẹ́lì, máńgánísì àti kóbáàtì ṣe, wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná. Ó fúyẹ́, ó sì ń gba iná púpọ̀ sínú ara kékeré. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá gbóná kọjá ààlà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ọ́síjìn jáde, iná tó bá sì ti ní ọ́síjìn tirẹ̀ nínú, ó ṣòro láti pa. Èkejì ni LFP, tí wọ́n fi irin àti fọ́sífeetì ṣe. John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin ló gbé ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2019, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 97. Nínú LFP, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì di ọ́síjìn mú ṣinṣin, kì í jẹ́ kó tètè tú jáde nínú ooru. Òótọ́ ni pé LFP wúwo ju NMC lọ fún ìwọ̀n iná kan náà, ṣùgbọ́n ilé kì í rìnrìn àjò. Fún ibi tí àwọn ọmọ ń sùn sí, LFP ló yẹ. Ó ṣeé ṣe kí òun náà gbiná o: bí wọ́n bá rọ iná sí i kọjá ààlà, tàbí tí ara rẹ̀ bẹ́, ó lè tú gáàsì tó ń jó jáde. Ìdí nìyẹn tí BMS fi ṣe pàtàkì, a ó dé ibẹ̀.

Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì LFP kan ń fúnni ní volt 3.2. Wọ́n máa ń to 16 tẹ̀ léra, pọ́sítíìfù èyí mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù ìyẹn, kó lè di volt 51.2 tí ínfátà 48 volt ń lò. Bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100Ah (ampere-wákàtí), àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 5.12 kWh; bí ó bá jẹ́ 280Ah, á lé díẹ̀ ní 14 kWh. Gbogbo olùtajà ló mọ ìṣirò yìí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé kò lè tọ̀nà àyàfi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún bá bára dọ́gba, nítorí iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Ká ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 280Ah, tí ọ̀kan ṣoṣo ti gbó débi pé 200Ah ló kù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń cháàjì, ọ̀kan yẹn ló máa kọ́kọ́ kún dé volt 3.65, BMS á sì gé iná nígbà tí àyè ṣì wà nínú àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n bá ń lò ó lóru, òun náà ló máa kọ́kọ́ gbẹ dé volt 2.5, BMS á tún gé iná nígbà tí àwọn yòókù ṣì ní nǹkan nínú. Bátìrì 200Ah ni onílé ní, owó 280Ah ló san. Kò sì ní mọ̀, torí pé bébà ara àpótí ṣì ń sọ pé 280Ah ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń ráyè wọlé. Àwọn kan ń tú sẹ́ẹ̀lì jáde nínú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti kú, àwọn róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650, tí ìbú wọn jẹ́ milimítà 18, tí gígùn wọn jẹ́ 65. Àwọn mìíràn ń tú ti ọkọ̀ oníná tó ti sáré títí lókè òkun. Wọ́n á fi rọ́bà tuntun wé e, á máa dán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ṣáínà, bíi CATL àti EVE, máa ń tẹ àmì QR sára sẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́rin wọn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì wà nínú ohun tí àmì náà ń sọ. Bí wọ́n bá ti ha àmì yẹn kúrò, tàbí tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, ó yẹ kí oníbàárà béèrè ìdí. Kò sí àbùkù nínú kí èèyàn ra sẹ́ẹ̀lì tokunbọ̀ LFP, bí wọ́n bá ti wọn agbára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kó èyí tó bára mu pọ̀, tí wọ́n sì tà á ní owó tokunbọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá tà á bíi tuntun, olè ló jà.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn volt pàápàá ti di ohun tí wọ́n fi ń tan èèyàn. Olùtajà á gbé e lé bátìrì, á ní volt 53 rèé, pé ó kún dáadáa. Lára bátìrì olómi, mítà máa ń sọ òótọ́ díẹ̀, nítorí volt rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná inú rẹ̀ ṣe ń tán. LFP kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí iná inú rẹ̀ bá ti wà ní nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún títí tó fi máa wálẹ̀ sí ìdá 20, volt sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín 3.2 sí 3.3. Bátìrì tó kún dé ìdajì àti èyí tó kún dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lè fi nọ́ńbà tó jọra hàn. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó gan-an lè fi 3.3 hàn bí ẹrù kò bá sí lórí rẹ̀. Nítorí náà, mítà kò lè jẹ́rìí agbára bátìrì.

Ó wá ku BMS, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ béèrè. Òun ló ń wo volt sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó ń wo ooru ara wọn àti iye ampere tó ń jáde, tó sì ń gé iná bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kọjá ààlà. Ínfátà 5kW tó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún á fa nǹkan bí ampere 110 jáde nínú bátìrì 48 volt. Bẹ́ẹ̀ BMS 100A ni wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń tà pẹ̀lú irú ínfátà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga bá ta, tí fíríìsà náà sì ta lé e, BMS á gé iná, ilé á ṣókùnkùn. Èyí tó yẹ ni 150A tàbí 200A, ìyàtọ̀ owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí àwọn ẹlẹ́tíríṣíàn kan ń ṣe nígbà tí oníbàárà bá pè wọ́n pé iná ń gé ló burú jù lọ. Wáyà kan ni wọ́n á fi so ẹnu BMS méjèèjì pọ̀, kí iná lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Iná kò ní gé mọ́, oníbàárà á dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún yẹn nínú yàrá ìdílé náà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí àwọn onílé wewu, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á láyè láti tún fọwọ́ kan bátìrì mọ́.

BMS tún ní iṣẹ́ mìíràn: mímú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Àwọn tó wọ́pọ̀ ń ṣe é nípa fífi iná sẹ́ẹ̀lì tó ti kún jù ṣòfò díẹ̀díẹ̀, bíi milliampere 100. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fi 10Ah ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọgọ́rùn-ún wákàtí nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìgbà tí bátìrì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìkan ni irú iṣẹ́ yìí wúlò fún LFP, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń gbé iná láti inú èyí tó kún sínú èyí tí kò kún, ní ampere 2, lè parí rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Fún sẹ́ẹ̀lì 280Ah, irú kejì yìí tó owó rẹ̀. Bí ínfátà àti BMS bá tún lè fi wáyà CAN tàbí RS485 bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ìyẹn, kí ẹlẹ́tíríṣíàn ṣètò ínfátà kó máa cháàjì dé nǹkan bí volt 56, kó sì pa ètò equalization tí wọ́n ṣe fún bátìrì olómi; ètò yẹn lè gbé volt kọjá 58.4 tó jẹ́ òpin fún LFP mẹ́rìndínlógún.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí ará ilẹ̀ yìí sanwó fún. Lithium kò gbọ́dọ̀ gba cháàjì nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù ju 0°C lọ, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń ta bátìrì tó ní hítà nínú fún àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò rẹ̀. Ooru ni ọ̀tá tiwa. Bátìrì tí wọ́n gbé sínú sítóò tí kò ní fèrèsé lábẹ́ páànù, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, á gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì rí i pé wáyà tí BMS fi ń mọ ooru kan ara sẹ́ẹ̀lì gan-an, kó má kàn máa fì nínú afẹ́fẹ́ àpótí.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi dáhùn ni pé owó kò sí. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gan-an ni kò yẹ kó ra 10 kWh tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kó ra 5 kWh tó ní sẹ́ẹ̀lì tuntun àti BMS tó tó, kó fi kún un bí owó bá tún wọlé. Bátìrì olómi túbúlà gidi pàápàá sàn ju lithium ayédèrú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì iná inú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa lò. Àwọn olùtajà náà á sọ pé bí wọ́n bá tú àpótí ilé iṣẹ́, wáráǹtì bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n mú súkúdíráfà. Ọ̀pọ̀ BMS òde òní ń fi volt sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn lórí fóònù nípa Bluetooth, tàbí lójú àpótí fúnra rẹ̀. Wọ́n ń fi iye ìgbà tí bátìrì ti kún tó sì ti gbẹ hàn pẹ̀lú. Bátìrì tí wọ́n pè ní tuntun, tí iye yẹn ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Iṣẹ́ wà fún ìjọba náà. Kí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, sọ ọ́ di dandan pé kí irú sẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ampere BMS wà lára gbogbo bátìrì lithium tí wọ́n bá ń tà. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò ọ̀rọ̀ iná lágbègbè wọn. Wọn kò gbọ́dọ̀ dúró de Abuja lórí ohun tó ń wọ yàrá àwọn ará ìlú wọn lójoojúmọ́.

Kí ìyẹn tó dé, kí oníbàárà máa dán bátìrì wò kó tó san owó tó kù. Kó cháàjì rẹ̀ kún, kó fi hítà tàbí gílóòbù tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 1000 wáàtì sí i lórí, kó sì wo aago. 5.12 kWh gidi á gbé e fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Bí ó bá kú lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ má san kọ́bọ̀ kún owó tẹ́ ẹ ti san, ẹ ní kí wọ́n wá gbé e.