Howard Hughes: Owó Ra Ìgbọràn, Kò Ra Ìlera

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wèrè àti ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ jọ ń rìn ni, Howard Hughes ni wọ́n sì máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Texas ni wọ́n ti bí i ní 1905. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì nínú àpáta líle ló sọ bàbá rẹ̀ di olówó. Nígbà tí bàbá náà kú ní 1924, ọmọ ọdún 18 ni Hughes. Kò jókòó jẹ ogún. Ó kówó sínú fíìmù àti bàálù.

Ní 1935, òun àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe bàálù H-1. Kí ni àṣírí ẹ̀? Afẹ́fẹ́ máa ń fa bàálù sẹ́yìn, kódà orí ìṣó tó yọ síta ń dá kún un. Wọ́n tẹ orí ìṣó wọlé kí ara bàálù lè máa dán, wọ́n sì ṣe é kí táyà máa ká wọ inú tó bá ti gbéra. Hughes fúnra rẹ̀ ló wà á. Ó sá tó kìlómítà 566 ní wákàtí kan, bàálù kankan tó ń gbéra látorí ilẹ̀ ò sì tíì sá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1938, òun àti èèyàn 4 fò yí ayé po láàárín ọjọ́ 3 àti wákàtí 19. Ṣé wèrè ló ṣe ìyẹn? Rárá o. Ìṣirò ni, ìdánwò ni, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni.

Ní July 7, 1946, ó ń dán bàálù XF-11 wò. Ọ́ìlì jò lápá ọ̀tún, abẹ̀bẹ̀ kan níbẹ̀ wá yíjú padà, ó ń ti bàálù sẹ́yìn nígbà tí èyí tó kù ń fà á síwájú. Bàálù náà já lu ilé ní Beverly Hills. Hughes yè é, àmọ́ oògùn apàrora codeine di bárakú fún un.

Àìsàn ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti gbin ìbẹ̀rù kòkòrò àrùn sí i lọ́kàn. Nígbà tó yá, kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan láìfi bébà ìnujú mú un. Kódà ó kọ ìlànà fún àwọn òṣìṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe máa ṣí agolo èso! Àwọn onímọ̀ tó yẹ ìtàn rẹ̀ wò sọ pé OCD ni. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: èrò á já wọlé pé ìdọ̀tí wà níbì kan, àyà á já, ẹni náà á fọwọ́, ara á tù ú díẹ̀. Ìtura yẹn gan-an ni ìyọnu, torí ó ń kọ́ ọpọlọ pé fífọwọ́ ló gbà á là. Èrò náà á tún padà wá.

Kí wá ni owó ṣe? Owó gba àwọn tí kì í sọ pé "rárá" síṣẹ́. Ní 1966, ó wọ òtẹ́ẹ̀lì Desert Inn ní Las Vegas. Nígbà tí wọ́n ní kó jáde, ó ra òtẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé fún nǹkan bí ọdún 4. Ní ọdún 1966 yẹn kan náà, Victor Meyer ní London kọ̀wé nípa ìtọ́jú kan: kí aláìsàn fara kan ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n má sì jẹ́ kó fọwọ́. Òdìkejì pátápátá ni wọ́n ń ṣe fún Hughes.

Ẹnì kan lè sọ pé àìsàn yẹn náà ló jẹ́ kó máa wo orí ìṣó fínnífínní. Àbí? Nígbà tí àìsàn náà le, kí ló tún ṣe? Ní 1960, Theodore Maiman ṣe lésà àkọ́kọ́ láyé nínú yàrá ìwádìí iléeṣẹ́ Hughes. Ọ̀gá ti ń sá fún èèyàn nígbà yẹn.

Ó dá iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀ ní 1953, síbẹ̀ inú bàálù tó ń gbé e lọ sí ọsibítù ló kú sí ní April 5, 1976, ó ti rù kan eegun, kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Tí ọ̀rẹ́ yín bá ń fọwọ́ títí awọ fi ń bó, ẹ má pè é ní wèrè, ẹ má sì pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwa la sọ Àrò di èébú. Ilé ìwòsàn ni. Ẹ bá a wá dókítà.