Gáàsì tí imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀ ti wà nínú yàrá wa

Gáàsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tí à ń fi se oúnjẹ. Bí rọ́bà sílíńdà bá là, tàbí tí ẹ̀rọ orí rẹ̀ kò bá dì dáadáa, òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ilé kan, onílé yóò figbe ta, wọn yóò sì sáré ṣílẹ̀kùn. Òórùn ọ̀hún kì í ṣe ti gáàsì náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pò ó mọ́ ọn, kí imú lè jẹ́ ọlọ́dẹ fún onílé. Ṣùgbọ́n gáàsì mìíràn wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí iná rẹ̀ pàápàá ṣòro láti fojú rí lọ́sàn-án gangan. Háídírójìn lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò níbẹ̀ yẹn, ó ti dé Ìjìó.

Ìjìó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọ̀wà, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn, ní ìhà ibi tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, oòrùn kò sì wọ́n wọn níbẹ̀. Iná mànàmáná ló wọ́n wọn, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń rọ́gbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù kan fò sókè láti bíi náírà 185 kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣirò ti yí padà fún ẹni tó ń gẹ irun, ẹni tó ń ta omi tútù, àtẹni tó ń fi iná sí fóònù fún aráàlú. Sóòlà lọ̀pọ̀ wọn yíjú sí. Níwọ̀n ìgbà tí bátìrì ìgbàlódé sì gbówó lórí, bátìrì olómi ásíìdì, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, ni ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ń rà. Ẹnu ọ̀nà tí háídírójìn gbà wọlé tọ̀ wá nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí bátìrì olómi bá ti ń gba iná, tó sì kún, iná tó bá tún ń wọ inú rẹ̀ kò ríbi kó sí mọ́. Omi inú bátìrì ni yóò máa fọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò di ọ́síjìn àti háídírójìn. Híhó tí à ń gbọ́ nínú bátìrì lásìkò yẹn, gáàsì méjèèjì ló ń jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bátìrì volt 12 kan tó ti kún, tí wọ́n sì tún ń fi áńpù 10 tì í fún wákàtí kan, yóò tú háídírójìn bíi lítà 25 jáde. Ká ní inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan ni bátìrì náà wà, tó gùn ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní ìdajì mítà, lítà 500 ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Tí háídírójìn bá sì ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó ti tó láti gbiná. Ìdá 4 nínú 500 jẹ́ lítà 20. Èyí túmọ̀ sí pé bí kọ́bọ́ọ̀dù náà bá dé pa, wákàtí kan kò ní í pé tí yóò fi di ohun tó ń dúró de ìṣáná.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ìṣáná gidi. Gáàsì ìdáná kì í jó mọ́ bó bá ti fi díẹ̀ ju ìdá 10 lọ nínú 100 afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n láti ìdá 4 títí dé ìdá 75 ni háídírójìn fi lè jó. Iná kékeré tó ń ta pàrà nígbà tí wọ́n bá ń yọ wáyà lórí bátìrì tó fún un. Ìyàtọ̀ ńlá mìíràn tún wà tó yẹ ká dì mú. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ilé ló máa ń rá lọ. Háídírójìn ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo gáàsì, òkè ló máa ń lọ, abẹ́ òrùlé tàbí abẹ́ sílíǹ ló sì máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tí kò sì ní ihò kankan lókè ògiri kò tíì ṣe tán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlọ́ lásán là ń pa, ẹ jẹ́ ká yà sí Málì. Lọ́dún 1987, wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní abúlé Bourakébougou, tí kò ju bíi ọgọ́ta kìlómítà sí Bàmákò. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ọgọ́rùn-ún mítà, wọn kò rí omi, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ jáde látinú ihò náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú láti wo inú rẹ̀ tòun ti sìgá lẹ́nu. Bí iná ṣe bú mọ́ ọn lójú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló gbà kí wọ́n tó pa iná náà, wọ́n sì dí ihò ọ̀hún pa. Ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Aliou Diallo, olówó ọmọ ilẹ̀ Málì, tó padà ṣí i, tí wọ́n sì rí i pé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì náà ló jẹ́ háídírójìn. Òun náà ni wọ́n wá fi ń tan iná fún abúlé. Gáàsì kan náà ló jó èèyàn, òun ló sì tún fún wọn ní ìmọ́lẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mọ ohun tó wà níwájú wọn.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá máa ń ṣìṣe. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2019, ibi tí wọ́n ti ń ta háídírójìn fún mọ́tò bú gbàmù ní Sandvika, nítòsí Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, bóòtù tí wọn kò dì le tó lára táńkì ló jẹ́ kí gáàsì náà máa jò. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, bóòtù ló bà á jẹ́. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń lọ sí òfúrufú, NASA, kò tíì ní ẹ̀rọ tó ń fi iná háídírójìn hàn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa ń nà síwájú bí wọ́n bá ń rìn. Ibi tí ìgbálẹ̀ bá ti gbiná lójijì, wọ́n mọ̀ pé iná tí ojú kò rí wà níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ yìí náà ni o!

Kí ni ká wá ṣe nílé wa? Àkọ́kọ́ ni pé kí bátìrì má sùn sí yàrá tí èèyàn ń sùn, kó má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀. Kí yàrá rẹ̀ ní ihò atẹ́gùn lókè pátápátá, kó sì tún ní òmíràn nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tuntun yóò máa gbà wọlé. Kí ihò kéékèèké tó wà lórí ìdérí bátìrì má dí. Kí kọntírólà tó ń ṣọ́ iná tó ń wọ bátìrì jẹ́ èyí tó bá bátìrì náà mu, nítorí òun ló ń dá iná dúró nígbà tí bátìrì bá kún. Bí a bá fẹ́ tú wáyà lórí bátìrì, chájà ni ká kọ́kọ́ pa. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì ni ká fi wo omi inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi àtùpà tàbí láítà wò ó ń fi ojú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni, nítorí bí bátìrì bá bú, ásíìdì ló ń fọ́n jáde. Bó bá ta síni lójú, omi tó mọ́ ni ká máa dà sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, ká sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Níwọ̀n bí imú kò ti lè gbọ́ ọ, àwọn àmì mìíràn ló yẹ ká máa ṣọ́. Bátìrì tó ń gbóná janjan, tó wú, tí omi rẹ̀ ń yára gbẹ, tàbí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, iná ti pọ̀ jù fún un. Òórùn ẹyin yẹn kì í ṣe ti háídírójìn, gáàsì olóró mìíràn ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni pé háídírójìn náà ti ń jáde. Kí wọ́n pa chájà látòde bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n má sì tẹ bọ́tìnnì iná kankan nínú yàrá náà. Ẹni tó bá ní agbára láti ra ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ háídírójìn, kó gbé e kọ́ sókè, nítòsí òrùlé. Ti gáàsì ìdáná ló ń wà nísàlẹ̀. Bátìrì tí wọ́n dé pa kò tú gáàsì tó ti olómi, ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ jù, òun náà yóò tú u. Bátìrì lithium kì í tú háídírójìn bó bá ń gba iná bó ṣe yẹ, àmọ́ òun náà ní ewu iná tirẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ìjọba Jámánì ṣí ọ́fíìsì kan sí Àbújá nítorí òwò háídírójìn, kí Nàìjíríà lè máa ṣe é ta sókè òkun lọ́jọ́ iwájú. Èyí dára. Ṣùgbọ́n háídírójìn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù fóònù kò dúró de ọjọ́ iwájú. Ó yẹ kí àjọ SON, tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára sí, àtàwọn panápaná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sóòlà, tó ń so ó, àtàwọn bátìrì-chájà, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè fi í sínú ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Owó tí yóò ná wọn kò tó owó ìtọ́jú ojú ẹnì kan tí ásíìdì bà jẹ́.

Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí aráàlú padà sí àtùpà. Sóòlà ti mú ìrọ̀rùn wá, kò sì yẹ ká fi ìbẹ̀rù lé e lọ. Àwọn àgbà ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó bá ní bátìrì nílé, kó gbójú sókè wo ògiri yàrá ibi tó gbé e sí lónìí. Bí kò bá sí ihò atẹ́gùn níbẹ̀, kó tètè wá ẹni tí yóò bá a dá a.