Ìwé Ìbí Ti Wọnú Fóònù, Ará Abúlé Ńkọ́?

Láti ọdún 2020 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ṣí ìkànnì service-public.bj, kí ará ìlú lè máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba láti ibi tó wà. Ìwé ìbí tí àjọ ANIP ń fúnni wà lára ohun tí a ń béèrè níbẹ̀ lónìí. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà. Ẹni tó bá ti pàdánù ọjọ́ ọjà méjì nítorí bébà kan ṣoṣo mọ̀ pé ó dára.

Àmọ́ ohun tó rọrùn fún ará Kutọnu kò tíì rọrùn fún àgbẹ̀ tó wà lábúlé ní Kpoulou tàbí Tatonnonkon. Fóònù kékeré tí a fi ń pè nìkan ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Níbi tí iná mànàmáná kò dé, owó ni wọ́n ń san kí fóònù tó gba iná. Èyí tó wá le jù ni pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìkànnì náà. Ìyá tó ń ṣírò èrè ọjà Ikpinlè lórí láìlo bírò, tó bá dé ibẹ̀, ó di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Níbi tí kò bá ti sí ọmọ tó mọ fóònù lò nílé, ẹni tí a kò mọ̀ rí la ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa lé lọ́wọ́, iye tó bá sì bù la ń san. Bí ìwé bá pẹ́, ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ló ń jìyà rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba pàṣẹ pé kí a máa san fáráńkì sẹ́fà 5 lórí mẹgabáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ará ìlú fárígá. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, ìjọba ti fagi lé e. Àwọn tó ti ní íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ló pariwo nígbà náà. Ó tó àkókò kí a gbọ́ ohùn àwọn tí kò ní.

Ẹkùn mẹ́fà ló wà ní kọ́mínù Adja-Ouèrè. Kí ilé mérì fi ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa sí ọ́fíìsì ẹkùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti iná oòrùn, ó kéré tán lọ́jọ́ ọjà. Kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ògiri. Kí ìjọba sì fi ohùn Yorùbá sórí ìkànnì náà fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí owó tó wà lórí fóònù yín fún ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé. Ìjọba kan náà ló ni ará Kutọnu àti ará Massè. Kò yẹ kí ìwé kan náà wọ́n ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ.